Ìwọ̀, Àwọ̀n àti Ẹ́ńjìnnì: Èwo Ló Tó Owó Tí Apẹja Kútọnù Ń Ná Lé E?

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òtítọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà nílé ìdáná, nítorí pé ẹni tí kò ra èròjà kò lè retí adùn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ẹja pípa, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní kí a tó gbà á, nítorí pé ẹja inú omi kò mọ iye tí apẹja ra ìwọ̀ rẹ̀, omi iyọ̀ kò sì ní bọ̀wọ̀ fún irin olówó gọbọi àfi bí ohun tí a fi ṣe irin náà bá yàtọ̀ ní tòótọ́. Ní Kútọnù, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń jẹun láti inú òkun àti ọ̀sà, ìbéèrè nípa ohun tó yẹ kí apẹja náwó lé lórí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ ni, ọ̀rọ̀ gbèsè sì ni pẹ̀lú.

Orí ilẹ̀ yanrìn tóóró tó wà láàárín adágún Nokoué ní àríwá àti òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù ni wọ́n tẹ Kútọnù dó sí, orúkọ ìlú náà ní èdè Fọ̀n sì túmọ̀ sí ẹnu odò ikú. Ní ọdún 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ojú omi kan la ilẹ̀ yanrìn náà já, kí omi adágún lè rí ọ̀nà bọ́ sínú òkun nígbà ìkún omi, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà jáde náà ni omi mìíràn ń gbà wọlé: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a máa gba ibẹ̀ wọ inú adágún, nígbà tí odò Ouémé àti odò Sô bá sì kún, omi wọn tí kò níyọ̀ a lé e padà sí òkun. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún apẹja ni pé ohun èlò kan náà lè bá omi iyọ̀ àti omi aláìníyọ̀ pàdé láàárín ọdún kan, láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Irin tí ì bá pẹ́ lọ́wọ́ apẹja Ouémé lókè lọ́hùn-ún yóò dípẹtà kíákíá lọ́wọ́ ẹni tó ń pẹja lẹ́bàá afárá Kútọnù, nítorí náà, a kò lè sọ iye tí ohun èlò kan tó láìkọ́kọ́ bèèrè irú omi tí a fẹ́ lò ó sí.

Ohun èlò tó lókìkí jù lọ lórí adágún Nokoué kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí a ń rà ní ìsọ̀. Àwọn Tofinu, tí wọ́n kọ́ ìlú Ganvié sórí omi, ní ọgbọ́n ìpẹja kan tí a ń pè ní acadja, èyí tí í ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka igi tí wọ́n ń gún mọ́ ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, kí àwọn ewé omi tín-tìn-tín lè hù sára igi náà, kí ẹja, pàápàá ẹ̀pìyà, lè rí ohun jẹ kí ó sì rí ibi sá pamọ́ sí, títí di ọjọ́ tí wọn yóò fi àwọ̀n yí ibẹ̀ ká, tí wọn yóò hú àwọn igi náà kúrò, tí wọn yóò sì kó ẹja inú rẹ̀. Nígbà tí R. L. Welcomme, onímọ̀ nípa ẹja, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí acadja jáde ní ọdún 1972, nígbà tí orílẹ̀-èdè Benin ṣì ń jẹ́ Dahomey, ó hàn gbangba pé hẹ́kítà kan ṣoṣo lè mú tọ́ọ̀nù ẹja mélòó kan wá lọ́dún, ohun tí àwọ̀n olówó ńlá kì í sábà rí mú láti inú omi gbalasa tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ibẹ̀ parí èrò pé ohun tí kò ní iye lọ́jà kò náni lówó ti ṣìnà, nítorí pé igi tí a gé kì í hù padà lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka tó jẹrà a máa kún ìsàlẹ̀ adágún, ẹni tó gún igi sójú omi sì ti dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ ju àwọ̀n síbẹ̀. Owó acadja wà, ṣùgbọ́n adágún àti àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń bá a san án.

Bí a bá wá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò, ìwọ̀ ló kéré jù lọ nínú gbogbo ohun tí apẹja ń rà, lára rẹ̀ náà sì ni àfikún owó díẹ̀ ti ń hàn kíákíá jù lọ. Iṣẹ́ ìwọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí ó wọ ẹnu ẹja, kí ó má bọ́, kí ó má sì na tàbí kí ó kán nígbà tí ẹja bá ń fà. Ìwọ̀ tí a fi irin rírọ̀ ṣe yóò na bí ẹja ńlá bá fà á, èyí tí a mú irin rẹ̀ le jù yóò ṣẹ́ pẹ́kẹ́ bí igi gbígbẹ, láàárín méjèèjì yìí sì ni ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìwọ̀ dáadáa wà, nítorí pé wọ́n mọ bí a ti ń mú irin gbóná àti bí a ti ń mú un tutù dé ìwọ̀n tó yẹ. Ilé-iṣẹ́ Mustad ti ilẹ̀ Norway, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1832, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwọ̀ ní ìgbà tó yá ní ọ̀rúndún kan náà, gbajúmọ̀ káàkiri ayé nítorí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé orúkọ ló ń pa ẹja. Ohun tí ẹni tó ra ojúlówó ń san owó fún ni pé ìwọ̀ ọgọ́rùn-ún tó wà nínú páálí kan yóò jọra wọn, ti pọ́ọ́kú sì lè dára bí ó bá ṣe ogún, kí mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e má sì lójú.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà níbẹ̀, èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà á láàmú. Ìwọ̀ tí a kọ 12 sí lára páálí rẹ̀ kéré ju èyí tí a kọ 6 sí lọ, ṣùgbọ́n bí òdo bá ti wà lẹ́yìn nọ́mbà, bíi 2/0 tàbí 5/0, ètò náà yí padà, èyí tí nọ́mbà rẹ̀ ga ló wá tóbi. Ìwọ̀ tó dára jù lọ láyé, bí ó bá tóbi ju ẹnu ẹ̀pìyà lọ, kò yàtọ̀ sí ohun ọ̀ṣọ́. Irú kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ padà sínú tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òbìrípo. Bí ẹja bá gbé e tó sì yí padà láti lọ, igun ẹnu rẹ̀ ni ìwọ̀ náà ń há sí, kì í sábà wọ inú ọ̀fun, èyí sì ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́ okùn gígùn kan tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí ẹni tí yóò fà á nígbà tí ẹja bá jẹ ìdẹ. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó orí ìwọ̀ yìí kì í ṣe ìnákúnàá, nítorí pé owó ẹja ńlá kan ṣoṣo tó bá bọ́ lè ra ìwọ̀ tó pọ̀.

Okùn tẹ̀ lé ìwọ̀. Okùn náílọ́ọ̀nù oníkankan, tó mọ́ gaara bí gíláàsì, ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń nà díẹ̀ nígbà tí ẹja bá fà á, nínà yìí sì wúlò, nítorí pé ó ń gba ìjàkadì ẹja mọ́ra kí okùn má baà já lójijì. Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù ń fa omi mu, bí ó bá sì tutù, agbára rẹ̀ a dín kù, pàápàá níbi kókó. Oòrùn pẹ̀lú a máa jẹ ẹ́. Okùn tuntun mìíràn wà tí a fi fọ́nrán oríṣi ọ̀rá líle kan dì pọ̀ bí irun dídì, tó jẹ́ pé bí ó ti tín-ín-rín tó, agbára rẹ̀ ju ti náílọ́ọ̀nù tó nípọn lọ dáadáa, kì í sì í nà. Owó rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fa okùn láti inú omi jíjìn yóò gbádùn rẹ̀ nítorí pé yóò mọ̀ ọ́n lára bí ẹja bá ti fọwọ́ kan ìdẹ, ṣùgbọ́n okùn kan náà lè gé ọwọ́ rẹ̀ bí ọ̀bẹ, ẹni tó sì ń pẹja létí ọ̀sà níbi tí omi kò jìn kò rí ìdí kankan láti rà á. Ní ti ọ̀rọ̀ kókó, kò sí okùn tí owó rẹ̀ lè tún kókó burúkú ṣe: bí a kò bá fi itọ́ tàbí omi rẹ kókó náílọ́ọ̀nù kí a tó fà á le, ooru tí okùn ń mú jáde bí ó ti ń ha ara rẹ̀ yóò sọ ọ́ di aláìlágbára kí ó tó wọ omi.

Ọ̀pá ìpẹja àti kẹ̀kẹ́ kékeré tí a ń ká okùn sí kò gba àlàyé púpọ̀. Ọparun ni baba ọ̀pá ìpẹja ní ọ̀pọ̀ ibi. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí a fi fọ́nrán gíláàsì ṣe dé, àwọn tí a fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ṣe sì jáde lọ́jà ní nǹkan bí ọdún 1973. Èyí tó kẹ́yìn yìí fúyẹ́, ó sì ń gbé ìdẹ jìnnà, nítorí náà ẹni tó dúró lórí yanrìn etíkun tó fẹ́ kí ìdẹ rẹ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lè jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹja rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i kò nílò ju ọparun lọ. Ti kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ díẹ̀: ohun tó yẹ kí a san owó fún lára rẹ̀ ni bíréèkì tó ń jẹ́ kí okùn máa yọ́ jáde wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹja bá sá, àti irin inú rẹ̀ tí iyọ̀ kò lè tètè jẹ. Dídán ara rẹ̀ àti àwọ̀ wúrà tí wọ́n fi kùn ún kò pa ẹja kankan rí. Ó sì yẹ kí olùrajà mọ̀ pé ìlú Weihai ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ohun èlò ìpẹja ayé ti ń jáde wá, tí orúkọ tó wà lára wọn sì lè yàtọ̀ síra.

Lórí àwọ̀n ni ọ̀rọ̀ owó ti wá di ohun tó le. Kí náílọ́ọ̀nù tó dé etíkun yìí, okùn tí a fi òwú tàbí àwọn fọ́nrán igi ṣe ni a fi ń hun àwọ̀n, apẹja sì ní láti máa sá a sóòrùn lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó sì máa rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi kí ó má baà tètè jẹrà. Ní ọdún 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù, nígbà tí àwọ̀n tí a fi ṣe sì tàn dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn apẹja tí wọ́n lè san owó rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ sísá àti rírẹ náà, àwọ̀n kan sì wá ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ibi tí owó ńlá ti gbe apẹja ní tòótọ́, kò sí èyí tó mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù kan náà ló bí àwọ̀n pọ́ọ́kú tó ń dá wàhálà sílẹ̀ lónìí, ìyẹn èyí tí a fi okùn oníkankan hun, tí ẹja kì í rí nínú omi. Ó ń pa ẹja dáadáa, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń ya, títún un ṣe sì nira, èyí ló fà á tí wọ́n fi sábà máa ń sọ ọ́ nù. Èyí tó bá bọ́ sínú omi kì í jẹrà bíi ti òwú. Ó lè máa pa ẹja àti akàn nìṣó fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tí yóò jẹ wọ́n. Ilẹ̀ Senegal fi òfin ìpẹja ọdún 1998 ka irú àwọ̀n yìí léèwọ̀, Ghana náà fi òfin ọdún 2010 kà á léèwọ̀, síbẹ̀ kò tíì kúrò ní etíkun ilẹ̀ méjèèjì, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ owó.

A lè fi ìṣirò àpẹẹrẹ mú ìdí náà jáde. Ká ní àwọ̀n pọ́ọ́kú kan jẹ́ 30,000 sẹ́fà tó sì lo oṣù mẹ́ta, tí àwọ̀n oníkókó líle tí ó ṣeé tún ṣe sì jẹ́ 70,000 tó lo ọdún kan. Ti àkọ́kọ́ ń ná apẹja ní 10,000 lóṣù, ti ìkejì kò tó 6,000. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n apẹja tí kò ní 70,000 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà yóò lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá náà yóò sì yá a lówó lórí àdéhùn pé òun nìkan ni yóò máa tà fún, ní iye tó rẹlẹ̀ sí ti ọjà. Bí ìyàtọ̀ iye náà bá jẹ́ 5,000 péré lóṣù, àwọ̀n tó dára ti wọ́n ju èyí tí kò dára lọ. A kò gbọ́dọ̀ dá ìyá ẹlẹ́ja lẹ́bi nítorí èyí, nítorí pé òun ni báńkì tó wà létí omi, òun ló sì ń fara gbà á bí ọkọ̀ bá lọ tí kò mú nǹkan bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba apẹja níyànjú pé kí ó ra ohun tó dára láìsọ ibi tí owó yóò ti wá kò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lórí òkun, ẹ́ńjìnnì ló ń gba owó tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi arère ní Ghana, tí àwọn apẹja sì ń rà káàkiri etíkun yìí, ni wọ́n sábà máa ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sí, Yamaha alágbára ẹṣin 40 sì ti di ohun tí ojú mọ̀ láti Senegal títí dé Benin. Láti òkèèrè ni gbogbo wọn ti ń wá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tó bá ṣe owó sẹ́fà ló ń ṣe apẹja. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye sẹ́fà kù sí ìdajì, tí fàráǹkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀ fi di 100 sẹ́fà. Ẹ́ńjìnnì tí iye rẹ̀ jẹ́ 10,000 fàráǹkì Faransé kúrò ní 500,000 sẹ́fà, ó di 1,000,000 láàárọ̀ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹja inú òkun kò pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà.

Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni apẹja lè yàn nínú wọn. Èyí tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀ rọrùn láti tú palẹ̀ àti láti tò padà, ó fúyẹ́, mẹkáníìkì orí yanrìn sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó, ṣùgbọ́n ó ń mu epo gan-an. Èyí tí òróró rẹ̀ wà lọ́tọ̀ ń ṣọ́ epo lò, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, irin inú rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló lè tún un ṣe. Nígbà tí epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí àwọn ènìyàn ń kó wọlé láti Nàìjíríà tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò létí títì, ṣì jẹ́ ọ̀pọ̀, kò sí ìdí tí apẹja fi ní láti ronú nípa ẹ́ńjìnnì tó ń ṣọ́ epo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye kpayo sì fò sókè ní Kútọnù láàárín ọjọ́ díẹ̀; láti ìgbà náà ni ìṣirò ti yí padà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ra ẹ́ńjìnnì, ojoojúmọ́ ni a ń ra epo. Ẹni tó bá ń jìnnà lọ sí òkun lójoojúmọ́ ní ìdí tó dájú láti ronú nípa ẹ́ńjìnnì olówó ńlá. Ẹni tí kì í lọ jìnnà yóò pẹ́ kí owó rẹ̀ tó padà. Kí a tún fi kún un pé etíkun Benin ní ìgbì líle tó ń fọ́ nítòsí yanrìn, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú láàárín ìgbì yìí lè dojú dé, àwọn ènìyàn sì lè bá a lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí, pọ́ọ́kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò mọ́.

Ẹni tó ń sanwó kì í sì í ṣe ẹni kan náà tó ń lo ohun èlò nígbà gbogbo. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ etíkun yìí, bí wọ́n bá ti ta ẹja tán, wọn yóò kọ́kọ́ yọ owó epo àti oúnjẹ, wọn yóò wá pín èyí tó kù, tí àwọn atukọ̀ yóò gba tiwọn, tí ọkọ̀, àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì yóò sì ní ìpín tiwọn tí olówó wọn ń gbà. Èyí fi hàn pé ẹ́ńjìnnì tó ń ṣọ́ epo ń ṣe gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ láǹfààní, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ nìkan ló ru ẹrù rírà á. Kò sì yani lẹ́nu bí olówó náà bá yan èyí tí owó rírà rẹ̀ kéré, tó sì jẹ́ kí owó epo máa jáde láti inú àpò gbogbo wọn. Láti ọdún 1983 títí di ọdún 1998, Kútọnù ni ibùjókòó ètò kan tí àjọ FAO ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ pẹ̀lú owó ilẹ̀ Denmark fún ìdàgbàsókè àwọn apẹja kéékèèké ní orílẹ̀-èdè 20, láti Mauritania dé Angola, ọ̀kan lára ohun tí ètò náà sì wá tẹnu mọ́ ni pé ẹ̀rọ tuntun nìkan kò tó, àfi kí àwọn apẹja àti ìdílé wọn fúnra wọn kópa nínú ìpinnu.

Ibì kan tún wà tí owó kò lè dé. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ta sójú ìṣàn omi ní ọ̀sà Kútọnù láti mú edé, tí a mọ̀ sí mèdokpokonou, kò yọ ọmọ ẹja sílẹ̀, ọmọ ẹja tí a bá sì kó lónìí kò ní dàgbà di ẹja tí a ó fi ìwọ̀ mú lọ́dún tó ń bọ̀. Bí gbogbo apẹja adágún kan bá ra ohun èlò tó dára ju ti àná lọ, ẹja inú adágún náà kò ní pọ̀ sí i. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rà ni agbára láti gba ẹja mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú àwọ̀n tó fẹ̀ díẹ̀ kò wọ́n ju èyí tó há lọ, nínú gbogbo ohun tí a ti mẹ́nu kàn sì ni ó jẹ́ èyí tó ń ṣe adágún ní oore jù, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kì í dé ọwọ́ ẹni tó rà á àfi bí àwọn yòókù bá rà á pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ náwó, bóyá ní ọjà Dantokpa tàbí nítòsí èbúté àwọn apẹja, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ohun tó fẹ́ rà wò kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á. Kí ó fi ẹnu ìwọ̀ fa orí èékánná: bí ó bá há, ó mú; bí ó bá yọ̀, kí ó dá a padà. Kí ó so kókó sára okùn, kí ó rẹ ẹ́ sómi, kí ó sì fà á títí yóò fi já, kí ó wo bóyá ibi kókó ló ti já tàbí àárín okùn. Ní ti ẹ́ńjìnnì, kí ó kọ́kọ́ lọ bá mẹkáníìkì tó wà ní etí omi tirẹ̀, kí ó bèèrè èwo nínú àwọn irin inú rẹ̀ ni ó ní nílẹ̀ báyìí, kí ó tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á láti bèèrè iye rẹ̀.